Ọmọ mẹ́fà, tíṣà méjì, ọjọ́ márùn-ún ní Èkó: ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí oúnjẹ

Tisa_Lagere | Ilé-Ifẹ̀ | Ọjọ́ Àìkú, 8:47 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ kú ìsinmi.

Àwọn ọmọ mẹ́fà nílé ìwé wa yege nínú ìdíje ìṣirò, ìpele kejì sì máa wáyé ní Èkó lọ́sẹ̀ méjì sí i. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìdíje yẹn, ṣùgbọ́n tí a bá ka ọjọ́ àlọ àti ọjọ́ àbọ̀ mọ́ ọn, ó di márùn-ún. Ilé ìwé ti san owó ọkọ̀, wọ́n sì ti bá wa gba yàrá mẹ́ta sílẹ̀ nílé àlejò kan ní Yábàá. Oúnjẹ ló kù. Àwọn òbí dá ₦120,000 jọ fún un. Èèyàn mẹ́jọ ni wá, torí tíṣà ọkùnrin kan náà ń bá wa lọ. Ẹ fi mẹ́jọ pín owó yẹn, kí ẹ tún fi márùn-ún pín in: ₦3,000 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta, omi, ìpápánu, gbogbo rẹ̀ nìyẹn.

Èmi kì í ṣe ará Èkó. Ìgbà tí mo lọ gbẹ̀yìn, ìgbéyàwó la lọ ṣe, wọ́n ń gbé oúnjẹ fún wa. Àmọ́ mo rántí pé nígbà tí à ń padà bọ̀, kí ọkọ̀ wa tó kúrò ní Bẹ́gà, mo ti ná owó tí mi ò mọ ohun tí mo fi rà. Gálà kan, omi kan, ìpékeré kan, ẹlẹ́rìndòdò kan. Ebi ò sì kúrò nínú mi.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá sí mẹ́tàlá làwọn ọmọ yìí, ẹ mọ bí ọmọ irú ọjọ́ orí yẹn ṣe ń jẹun. Ẹni tó bá ti ṣe irú ìrìn yìí rí, kó jọ̀ọ́ sọ bó ṣe ṣe é. Ẹ má wulẹ̀ kọ "Olúwa á pèsè" kí ẹ sì kọjá lọ o.


Akanbi_Modakeke | Ọjọ́ Àìkú, 8:52 alẹ́

Olúwa á pèsè, Tíṣà. 😂


OmoOsomaalo | Iléṣà | Ọjọ́ Àìkú, 9:30 alẹ́

Akanbi, ìwọ yìí ṣá.

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Aṣọ ni mò ń tà ní Ọjà Atákúnmọ̀sà níbí, oṣooṣù ni mo sì ń lọ kó ọjà ní Balógun. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún. Tí mo bá ní kí n máa ra gbogbo ohun tí ojú mi bá rí ní Èkó, ẹnu ni èrè aṣọ mi ìbá máa bá lọ.

Ẹ ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kì wá: Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko. Àwọn kan máa ń fi bú wa pé a háwọ́. Kí wọ́n máa bú wa lọ. Ẹ̀yin ẹ ṣáà mú iná yín láti ilé.

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó, torí òun ni kì í jọ owó lójú ẹni. Ìgbà tí mo lọ gbẹ̀yìn, ₦300 ni mo ra omi inú ike kan nínú gósìló. Ká ní ẹ̀yin mẹ́jọ ra ike mẹ́ta mẹ́ta lójúmọ́, ₦7,200 nìyẹn. Ní ọjọ́ márùn-ún ó di ₦36,000. Omi lásán o! Ṣùgbọ́n àpò píọ̀ wọ́tà kan, tí ogún wà nínú rẹ̀, ₦500 ni mo rà á ní ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo sùn. Tí ẹ bá ń lo àpò méjì lóòjọ́, ₦5,000 péré ni gbogbo ọjọ́ márààrún. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ike omi tirẹ̀ láti ilé, kí ẹ máa rọ omi kún un láràárọ̀ kí ẹ tó jáde. Bí ẹ ò bá ṣe nǹkan mìíràn nínú gbogbo ohun tí mo kọ yìí, ẹ ṣe èyí.

Lẹ́yìn náà, ẹ má jẹ́ kí ebi bá ọmọ kankan wọ Ìbàfò. Láti Mówé dé Bẹ́gà, ọjà ló ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀, ọmọ tí ebi ń pa á sì na ọwọ́ sí gbogbo rẹ̀. Ẹ se oúnjẹ ìdájí ọjọ́ yẹn nílé, kí ẹ jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀ kí ẹ tó kọjá Ìbàdàn.

Bí ẹ bá dé Ìkirè, ẹ ní kí dírẹ́bà dúró, kí ẹ ra dòdò Ìkirè. Ẹ má fojú kékeré wò ó. Ògẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá ààlà, tí wọ́n gún pẹ̀lú ata àti iyọ̀, tí wọ́n wá dín nínú epo pupa: ó ń dí ikùn ju bisikíìtì lọ, ó sì lè wà fún ọjọ́ méjì mẹ́ta láìbàjẹ́. Kẹ́ẹ̀kì àti ṣíńṣín tí wọ́n ń tà lójú títì ní Èkó ò sún mọ́ ọn rárá.

Ohun tí mo máa ń dì sápò: gààrí, ẹ̀pà sísun, kúlìkúlì, ṣúgà, ẹja gbígbẹ, àti ata díndín nínú ike onídèérí. Ẹ̀yin lè fi ìrẹsì àti gáàsì kékeré kún un, torí ẹ pọ̀. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n gbà kí ẹ dáná nílé àlejò yẹn. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ má fi ìkọ̀kọ̀ dáná nínú yàrá pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ.


Akanbi_Modakeke | Ọjọ́ Àìkú, 9:41 alẹ́

Ẹ ò rí i! Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ "òṣó ni máa ló títí n ó fi gba owó mi", ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ rò pé ó máa ra omi inú ike?


OmoIlare_LEko | Yábàá, Èkó | Ọjọ́ Àìkú, 10:15 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Òṣómàáló, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n bí Tíṣà bá di gbogbo ẹrù tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n máa wọ̀ lọ Èkó.

Ifẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, Yábàá yìí náà ni mo sì ń gbé. Èkó ò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n fún ẹni tó bá ń jẹ ohun tí ará Èkó ń jẹ, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́, lásìkò tí wọ́n ń jẹ ẹ́. Àlejò ló ń jìyà, torí aago méjì ọ̀sán ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun ò tíì jẹun, ibi àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ amúlétutù bá ti ń fẹ́ ni yóò sì yà sí.

Láàárọ̀, ẹ̀wà àgànyìn àti búrẹ́dì Agége ni kẹ́ ẹ jẹ. Mi ò rò pé oúnjẹ mìíràn wà ní ìlú yìí tó ń ṣe owó ní àǹfààní tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wà tó rọ̀ débi pé ẹnu ò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe, ata rẹ̀ dúdú, epo rẹ̀ ti jinná títí tí òórùn rẹ̀ fi ń pe èèyàn láti ìta. Ọmọ tó bá jẹ ẹ́ ní aago méje kò ní dárúkọ bisikíìtì títí di ọ̀sán. Ẹ má ra abọ́ mẹ́jọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ o. Ẹ gbé kúlà kékeré lọ bá ìyá ẹlẹ́wà, kí ẹ ní kó bu ti ₦4,000 fún yín lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ta ₦4,000 lẹ́ẹ̀kan á fi èènì sí i, pàápàá bí ẹ bá padà lọ bá a lọ́jọ́ kejì. Ẹ tètè lọ, torí bó bá ti kọjá aago mẹ́sàn-án, ìsàlẹ̀ ìkòkò lẹ máa bá.

Lọ́sàn-án, ẹ wá búkà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti mẹkáníìkì ti ń jẹun. Àkọkà ò jìnnà síbẹ̀, ibẹ̀ ni Yunifásítì Èkó wà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò sì lówó ju àwọn ọmọ yín lọ. Ẹ béèrè iye kí ẹ tó jókòó: ṣíbí ìrẹsì kan èló, ẹran kan èló, ẹyin ńkọ́? Ẹran ló ń gbé owó búkà ga, kì í ṣe ìrẹsì. Mo ti rí i tí ẹran kékeré kan gba owó tó ju ti ìrẹsì àti ẹ̀wà tó wà nínú abọ́ náà lọ. Ẹ fi ẹyin dípò rẹ̀ lọ́sàn-án, kí ẹ fi ẹja gbígbẹ Ẹ̀gbọ́n Òṣómàáló jẹun lálẹ́.

Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ "kò sí ṣéńjì" ti sọ mí di oní-ṣingọ́ọ̀mù lọ́pọ̀ ìgbà.


Noosi_Ilesa | Ọjọ́ Ajé, 6:20 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ òru ni, ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá le.

Ọ̀rọ̀ owó lẹ ń sọ, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ gbuuru kan ṣoṣo lè gba gbogbo owó tí ẹ tọ́jú. Ẹ rántí pé oṣù kẹfà ọdún 2024 ni àrùn onígbá-méjì bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, èèyàn sì kú nínú rẹ̀.

Nítorí náà: mọ́ínmọ́ín tí ẹ bá sè nílé, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ jẹ ẹ́ tán, kò gbọ̀dọ̀ di ọjọ́ kejì. Ìrẹsì inú kúlà tí ẹ bá sè ní aago márùn-ún ìdájí, kó tó di aago mẹ́sàn-án kí ẹ ti jẹ ẹ́. Àwọn èèyàn rò pé kúlà ń dá oúnjẹ sí. Bí ìrẹsì ò bá gbóná janjan mọ́, tó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́, irú ibẹ̀ gan-an ni kòkòrò àrùn ti ń pọ̀ sí i. Ata díndín yẹn dáa, àmọ́ ẹ dín in títí omi inú rẹ̀ á fi gbẹ, kí ẹ má sì máa ti ṣíbí tó ti kan ẹnu bọ inú ike rẹ̀.

Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára píọ̀ wọ́tà. Ẹ má ra èso tí wọ́n ti gé sílẹ̀. Zóbò àti kúnú tí wọ́n fi yìnyín tutù, tí ẹ ò mọ omi tí wọ́n fi ṣe yìnyín ọ̀hún, ẹ kọjá lára rẹ̀. Ẹ ra ORS (iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi fún ẹni tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru) mélòó kan ní ilé olóògùn ní Ifẹ̀ kí ẹ tó lọ, kò wọ́n rárá. Àti ọṣẹ. Ọmọ mẹ́fà nínú ọkọ̀ kan, ọṣẹ ni o.


KulaToNipon | Ọjọ́ Ajé, 7:02 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ ẹ̀yin oníbàárà wa. Kúlà tó nípọn, tó ń mú oúnjẹ gbóná fún wákàtí 48, wà lọ́wọ́ wa ní ẹ̀dínwó. Ẹ kọ̀wé sí wa ní ìkọ̀kọ̀.


Alakooso | Ọjọ́ Ajé, 7:30 àárọ̀

A ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé kò sí ìpolówó ọjà lábẹ́ ìbéèrè ẹlòmíràn. Ìkìlọ̀ ìkẹyìn rèé, KulaToNipon.


Noosi_Ilesa | Ọjọ́ Ajé, 7:34 àárọ̀

Wákàtí méjìdínláàádọ́ta! Ẹ gbà mí o.


Onisiro_Sabo | Ilé-Ifẹ̀ | Ọjọ́ Ajé, 1:12 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà, bóyá yóò ran Tíṣà lọ́wọ́ bí àwọn ọmọ bá ní àwọn fẹ́ jẹun níbi tó dáa lọ́jọ́ kan.

Mo kó ìyàwó àtọmọ lọ sílé oúnjẹ kan ní Lẹ́kí, mi ò ní dárúkọ wọn. Mo ti ka iye tó wà lára ìwé oúnjẹ wọn dáadáa, ó jẹ́ ₦20,000 géérégé, mo sì ti kó o sọ́wọ́. Rìsíìtì dé, ₦24,500 ló wà níbẹ̀. Mo ti dìde ká jà kí n tó jókòó kà á, iṣẹ́ ìṣirò owó sì ni iṣẹ́ mi o! Owó orí ọjà tí ìjọba àpapọ̀ ń gbà, 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ₦1,500 nìyẹn. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní òfin tirẹ̀ láti ọdún 2009 lórí jíjẹun nílé oúnjẹ àti sísùn ní hòtẹ́ẹ̀lì, 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ₦1,000. Ilé oúnjẹ wá fi 10 nínú ọgọ́rùn-ún lé e fún àwọn tó gbé oúnjẹ wá, ₦2,000. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé oúnjẹ pé àwọn owó yẹn ò sí nínú iye tí wọ́n kọ síwájú oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ náà kéré bí èèrà, ojú mi ò tó o.

Torí náà, bí ẹ bá wọ irú ibẹ̀, ìbéèrè kan péré: "Ṣé gbogbo owó ti wà nínú iye yìí?" Ìyá olóúnjẹ búkà kì í fún èèyàn ní irú ìyàlẹ́nu bẹ́ẹ̀.


Tisa_Lagere | Ọjọ́ Ajé, 5:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun púpọ̀, inú mi dùn gan-an. Mo pe ilé àlejò náà lónìí. Wọ́n ní a ò gbọ́dọ̀ dáná nínú yàrá, ṣùgbọ́n olùtọ́jú ilé ní àwọn alejò kan máa ń fi gáàsì kékeré dáná ní ẹ̀yìnkùlé, àti pé kò burú bí a bá fọ ibẹ̀. Fìríìjì kan sì wà ní ìsàlẹ̀ tí a lè fi nǹkan sí.

Mo ti ní kí òbí kọ̀ọ̀kan mú kóńgò gààrí kan wá, ẹni tó bá fẹ́ kó fi ẹ̀pà kún un. Gààrí, ẹ̀pà àti omi la máa máa jẹ láàárín ìdíje dípò ìpápánu. Mo rò pé ìyẹn nìkan á ti gba owó púpọ̀ sílẹ̀.


Ile_La_N_Wo | Ọjọ́ Ajé, 9:05 alẹ́

Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró síbẹ̀ yẹn.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí ilé ìwé wa kó wa láti Ifẹ̀ lọ díje ní Èkó. Tíṣà wa, èèyàn dáadáa ni, ó gbé gààrí àti ẹ̀pà dání bí ẹ ṣe ń sọ yìí gẹ́lẹ́. Lákòókò ìsinmi, àwọn ọmọ ilé ìwé yòókù ṣí àpò wọn, mítí páì ló ń jáde, júùsì ló ń jáde, àwọn kan ní oúnjẹ nínú ike aláwọ̀ mèremère. Tíṣà wa wá pín ife fún wa, ó bu gààrí sí i. A ò jókòó. A kó ife wa lọ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, ibẹ̀ la dúró tí a ń mu ún kíákíá bí ẹni jalè. Ọmọbìnrin kan rí mi, ó wá bi mí pé kí ni mò ń mu. Mo ní oògùn ni.

Oògùn! Mo ti di bàbá ọmọ mẹ́ta báyìí, títí dòní bí mo bá ń mu gààrí níta, mo máa ń bojú wẹ̀yìn.

Mi ò rántí ìbéèrè kan ṣoṣo nínú ìdíje yẹn. Ife yẹn ni mo rántí, ó ní àwọ̀ ewé.

Ẹ mu gààrí nílé àlejò bó ṣe wù yín. Ṣùgbọ́n níwájú àwọn ọmọ mìíràn, ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní owó kékeré tó jẹ́ tirẹ̀, kó fi ra ohun tó bá wù ú, kó má sì jíhìn fún ẹnikẹ́ni.


Akanbi_Modakeke | Ọjọ́ Ajé, 9:20 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, "oògùn" yìí pa mí lẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà inú mi bàjẹ́ díẹ̀. Ó ṣe mí rí.


OmoOsomaalo | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:55 àárọ̀

Mo ka ọ̀rọ̀ Ile_La_N_Wo lálẹ́ àná, mo fẹ́ fèsì pé kí ló wà nínú gààrí tí a fi ń tijú, èmi ń mu ún lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù àwọn tí mò ń ra aṣọ lọ́wọ́ wọn ní Balógun, àwọn náà á sì máa bu ṣúgà sí i fún mi. Mo pa fóònù, mo sùn. Nígbà tí mo jí mo rí i pé ẹni tó lé ní àádọ́ta ọdún, tí owó wà lápò rẹ̀, ló ń mu gààrí ní Balógun. Ó wù ú ni. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tí wọ́n pín gààrí fún ò yàn án fúnra rẹ̀.

Ẹ fún wọn lówó, Tíṣà. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn pé tí wọ́n bá ná an tán lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ó tán nìyẹn.


OmoIlare_LEko | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:10 àárọ̀

Mo fọwọ́ sí i. Ẹ tún gbìyànjú kí wọ́n jẹ nǹkan kan tó jẹ́ ti Èkó kí wọ́n tó padà, súyà lálẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn fún àpẹẹrẹ. Kí wọ́n má lọ sọ nílé pé ohun tí àwọn ń jẹ ní Ifẹ̀ náà làwọn jẹ ní Èkó.


Iya_Olosan | Ìpetumodù | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:33 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, mo rí i pé yàtọ̀ sí Nọ́ọ̀sì, ẹnì kankan ò mẹ́nu ba èso. Ọsàn ti pọ̀ lọ́dọ̀ wa báyìí. Ẹ má lọ ra ọsàn tí a kó láti ọ̀dọ̀ wa lọ Èkó ní owó Èkó. Ẹ ra àpò kékeré kan nílé. Ọsàn ò níṣòro, èèpo rẹ̀ ni àpò rẹ̀. Ẹ má ṣáà bó o sílẹ̀, Nọ́ọ̀sì á bá yín wí.


Onisiro_Sabo | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:00 ọ̀sán

Òótọ́ ni. Bí ọsàn bá sì tán, Ọjà Ọ̀yìngbò ni kí ẹ lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ó sún mọ́ Yábàá. Ẹnì kan máa sọ fún yín pé Máìlì 12 ló pọ́ọ́kú jù. Bẹ́ẹ̀ ni, fún ẹni tó ń ra odidi ọkọ̀. Owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ á jẹ èrè ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín.


Tisa_Lagere | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:15 ìrọ̀lẹ́

Mo ti gbọ́. ₦1,500 ni ọmọ kọ̀ọ̀kan máa gbà, ₦9,000 lápapọ̀. Gààrí ò ní jáde kúrò nílé àlejò. Ile_La_N_Wo, ẹ ṣeun, mi ò bá ti ṣe é láìfura, kí n sì rò pé mo gbọ́n.


Tisa_Lagere | Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:05 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A ti lọ, a ti dé, ìpò kẹta la mú. Mo ṣèlérí fún ara mi pé n ó kọ ìnáwó wa síbí kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i.

Dòdò Ìkirè nígbà àlọ, ₦4,000. Píọ̀ wọ́tà, àpò mẹ́wàá, ₦5,000. Ẹ̀wà àgànyìn àti búrẹ́dì ní àárọ̀ mẹ́ta, ₦7,600 lójúmọ́, ₦22,800. (Lọ́jọ́ kejì ìyá ẹlẹ́wà ti mọ̀ wá, èènì rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta tó ẹnì kan jẹ yó.) Búkà lọ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀mẹta, ₦1,800 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦43,200. Kireéètì ẹyin kan, ₦6,000. Tòmátì, ata, àlùbọ́sà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti Ọ̀yìngbò, ₦6,500. Owó ọwọ́ àwọn ọmọ, ₦9,000. Súyà lálẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn, ₦8,000. Ìrẹsì, gààrí, ẹja, ọsàn àti gáàsì, ilé ni gbogbo wọn ti wá.

Ìnáwó kan ló kù tí mi ò tíì kà, ₦2,700. Gálà àti ẹlẹ́rìndòdò ni, ní Bẹ́gà, lọ́jọ́ àbọ̀, nígbà tí ọkọ̀ ò rìn mọ́. Kì í ṣe àwọn ọmọ ló rà á. Èmi àti tíṣà kejì ni. A rà fún àwọn ọmọ náà kí wọ́n má baà sọ ọ́ nílé.

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦107,200. ₦12,800 tó ṣẹ́ kù, a ti dá a padà fún àwọn òbí.

Ohun tí mi ò rò ni pé alẹ́ ló dùn mọ́ wọn jù. Àwọn ọmọkùnrin ló ń ro ẹ̀bà ní ẹ̀yìnkùlé, àwọn ọmọbìnrin ń yọ egungun ẹja, olùtọ́jú ilé náà bá wa jókòó lálẹ́ kejì, ó jẹun ju gbogbo wa lọ. Ibi tí mo ṣe àṣìṣe ni ìrẹsì ọjọ́ àlọ. Dírẹ́bà pẹ́ kó tó dé, aago mẹ́wàá ti kọjá kí a tó kúrò ní Ifẹ̀, mo rántí ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì, mo ṣí kúlà, ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo dà á nù. Ó dùn mí dọ́kàn. Dòdò Ìkirè ló gbà wá lọ́jọ́ yẹn.


Noosi_Ilesa | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú oríire. Ẹ ṣe dáadáa lórí ìrẹsì yẹn.


Ile_La_N_Wo | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:11 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú oríire o. Kí làwọn ọmọ fi ₦1,500 wọn rà?


Tisa_Lagere | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:48 ìrọ̀lẹ́

Áísíkiriìmù ni mẹ́ta nínú wọn fi tiwọn rà lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ó sì tán bí Ẹ̀gbọ́n Òṣómàáló ṣe wí. Ọmọbìnrin kan ra gèlè kékeré fún ìyá rẹ̀. Òmíràn ò ná kọ́bọ̀, ó ní òun ń fi pamọ́ ra bàtà.

Ẹni ìkẹfà ni kí ẹ gbọ́. Ó jẹ díẹ̀ nínú dòdò Ìkirè tí a pín fún un, ó fi ìyókù pamọ́ sínú ewé rẹ̀. Nígbà ìsinmi, àwọn ọmọ ilé ìwé kan ní Èkó rí i lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n bi í pé kí ni. Ó gé kékeré fún ẹni àkọ́kọ́ tọ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ó wá ta méje tó kù ní ₦200 ₦200. Mo ń wo wọn láti òkèèrè, mo rò pé ìjà ni wọ́n ń jà. ₦1,500 ló mú lọ Èkó, ₦2,700 ló mú bọ̀.


Onisiro_Sabo | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:55 ìrọ̀lẹ́

Owó àjọ la fi ra dòdò yẹn o. Ta ló ni èrè?


OmoOsomaalo | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:03 alẹ́

Onísirò, ẹ fi ọmọ náà sílẹ̀. Tíṣà, ibo ni wọ́n ti bí i? Àti pé méje lọ́nà ₦200, ₦1,400 ló yẹ kó jẹ́, ₦2,900 ló yẹ kó mú bọ̀. Ibo ni ₦200 wà?


Tisa_Lagere | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:20 alẹ́

Ará Iléṣà ni ìyá rẹ̀. Ẹnì kan ló gbà á láwìn nínú wọn. Ó ní òun ti gba nọ́ńbà fóònù ìyá ọmọ náà.